Ìwé àṣẹ olùkójọ ìbọn àtijọ́: ǹjẹ́ ó wà ní Nàìjíríà? Kí ni kí n ṣe sí ìbọn mẹ́ta tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Kàbbà?

Ọmọ Ọdẹ Owé kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ó sì gùn díẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé bí mo bá gé e kúrú, ìdáhùn tí kò bá a mu ni n ó gbà.

Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọdẹ ní Kàbbà títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, fi ayé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ti ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni wọn tí ó lọ, tí a sì ti parí ìsìnkú, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni ó kàn láti yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ìbọn mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Èkíní ni ṣakábùlà gígùn kan tí bàbá bàbá mi ti lò kí ó tó kan bàbá mi. Alágbẹ̀dẹ ìlú ni ó rọ ọ́, òkúta ni ó sì ń ṣá iná sí ẹ̀tù rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú àpò awọ kan tí a so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n orúkọ Ìpínlẹ̀ Kwara àti ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Òyì ni ó wà lórí ìwé náà, èyí tí ó fi hàn mí pé kò sí ẹni tí ó tún un ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Èkejì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá sì ní láísẹ́ńsì ọlọ́pàá lórí rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dẹ́rù bà mí. Inú àjà ni mo ti rí i, wọ́n fi aṣọ òfì tí wọ́n rẹ sínú epo wé e. Ìbọn ológun ni, igi ni ó bo ara rẹ̀ láti ìdí títí dé ẹnu, irin kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń fa ọta wọlé. Wọ́n lu adé ọba sí ara irin rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà GR, orúkọ náà Enfield, àti ọdún 1917. Ìtàn tí a ń gbọ́ nínú ilé ni pé bàbá bàbá mi, tí ó lọ sí ogun Bọ́mà, ni ó gbé e wálé.

Àbúrò mi kan wà ní Ohio. Nígbà tí mo sọ fún un, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ní ìwé àṣẹ olùkójọ ìbọn àtijọ́, pé dọ́là 30 péré ni òun san fún ọdún mẹ́ta, àti pé ìbọn tí ó bá ti pé ọdún 50 ti di ohun ìtàn, kò sí ẹni tí yóò fi da ènìyàn láàmú. Ó ní kí n gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí kí n wá ọ̀nà fi ti 1917 yẹn ránṣẹ́ sí òun.

Ìbéèrè mi rèé. Ǹjẹ́ irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa? Bí kò bá sí, ṣé ọjọ́ orí ìbọn máa ń mú un kúrò lábẹ́ òfin? Ǹjẹ́ mo lè fi èyíkéyìí nínú wọn ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà? N kò fẹ́ ta ìkankan. Òórùn ẹ̀tù ṣì wà lára àpò awọ yẹn, bí mo bá sì ṣí i, ó máa ń dà bí ẹni pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni.

Ará Ìjùmú ní Texas dáhùn pé:

Ọmọ Ọdẹ Owé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Bàbá. Èmi náà ní irú ìwé àṣẹ tí àbúrò yín ní, mo sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí gan-an. Àbúrò yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó fo àwọn ibi kan, ibi tí ó fò náà sì ni ewu wà.

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 lórí ìbọn pín ohun àtijọ́ sí ọ̀nà méjì, àwọn ènìyàn a sì máa da méjèèjì pọ̀. Ìbọn tí a ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni òfin náà ń pè ní ìbọn àtijọ́ ní tòótọ́, kò tilẹ̀ kà á sí ìbọn mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ rà á kò nílò ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyí tí ìbọn Mosin-Nagant méjì ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí èyí tí a ṣe ní 1898 máa jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ lójú òfin, kí èyí tí a ṣe ní 1899 sì máa jẹ́ ìbọn. Àní ṣakábùlà tí alágbẹ̀dẹ wa rọ ní àná, tí ó jẹ́ pé ẹ̀tù dúdú ni a ń rọ sí i láti ẹnu, tí kò sì lè yin ọta òde òní tí ẹ̀tù ti wà nínú ìkarahun rẹ̀, ó lè bọ́ sí abẹ́ ìpín yìí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dàgbà rárá.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé àṣẹ tí àbúrò yín ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Type 03. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí ATF ni ó ń fún ni. Ó kan ìbọn tí ó ti pé ọdún 50 ó kéré tán, tí wọn kò sì tíì yí ara rẹ̀ padà. Ó tún kan èyí tí olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba bá jẹ́rìí sí, àti èyí tí ó níye lórí nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n tàbí pé ó bá ẹnì kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìtàn tan. Púpọ̀ nínú àlòkù ológun ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, Lee-Enfield irú èyí tí ẹ rí nínú àjà náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Fọ́ọ̀mù 7CR ni yóò kọ, yóò san dọ́là 30 fún ọdún mẹ́ta, yóò sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olórí ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀ kí ẹni náà lè mọ̀ pé òun ń béèrè.

Àǹfààní rẹ̀ gan-an ni pé ènìyàn lè ra irú ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn kí wọ́n sì gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ oníṣòwò ìbọn kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kan ìbọn ìgbàlódé. Kò fún ni láyè láti máa fi ìbọn ṣòwò, kí a máa rà á lónìí kí a sì máa tà á lọ́la fún èrè. Ìbọn arọ̀jò-ọta ṣì wà lábẹ́ òfin 1934 tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbó tó. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún wà lórí gbogbo èyí. Ohun tí Ohio gbà lè di ẹjọ́ ní California.

Ìwé kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ máa kọ, tí a dì pọ̀ tí ewé rẹ̀ kò fi lè já: gbogbo ìbọn tí a bá fi ìwé àṣẹ náà rà ni a ó kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe é, irú rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, ìwọ̀n ọta rẹ̀, ọjọ́ tí a gbà á àti ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá tà á, a ó kọ ẹni tí ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. ATF lè wá yẹ ìwé náà wò, tàbí kí olùkójọ yàn láti gbé e lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Mo ti rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gba ìwé àṣẹ yìí tán tí wọn kò ra ìwé àkọsílẹ̀, bí ẹni tí ó ra ẹṣin tí kò ra ìjánu. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀ níbí mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, irú bí akẹ́kọ̀ọ́, kò ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí kí ó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ẹni tí ó ní green card lè ní in.

Èyí tí ó kàn yín jù ni pé ìwé àṣẹ mi tàbí ti àbúrò yín kò ní agbára kankan ní Kàbbà. Bí ìbọn irú ti 1917 yẹn bá máa wọ Amẹ́ríkà, ATF gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ṣáájú, ìjọba Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ ti yọ̀ǹda kí ó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ tú u sí wẹ́wẹ́ kí ẹ sì fi í sínú àpótí ẹrù pẹ̀lú gàrí àti ẹ̀gúsí. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ní ìhà méjèèjì òkun, ẹ̀rọ ayẹrùwò ní pápákọ̀ òfurufú kò sì mọ ìtàn ilé yín.

Ọlọ́pàá Àná dáhùn pé:

Mo kí ẹni tí ó béèrè, mo sì kí ará Texas fún àlàyé tí ó mọ́gbọ́n wá. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà apá ti ilé ni n ó sọ.

Kò sí ìwé àṣẹ olùkójọ ní Nàìjíríà. Òfin Ìbọn wa, tí a ṣe ní 1959, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin ti 2004 gẹ́gẹ́ bí Cap F28, kò mọ ẹni tí ń jẹ́ olùkójọ, kò sì bi ìbọn léèrè ọjọ́ orí. Amẹ́ríkà ń ka ọdún; òfin tiwa ń wo ọ̀nà tí ìbọn ń gbà jẹun, bóyá ó gùn tàbí ó kúrú, àti ìwọ̀n ọta rẹ̀. Bí ẹ bá ti di èyí mú, ẹ ó rí i pé ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú òfin kan náà, bí ẹni pé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn jọ láti fi dán wa wò.

Ṣakábùlà wà ní ìpín kẹta, níbi tí òfin ti dárúkọ ṣakábùlà, ìbọn tí òkúta ń ṣá iná sí, àti ìbọn tí a ń dé fìlà iná lé, ìyẹn ìdérí kékeré tí ó ń gbiná bí irin bá lù ú. Òfin ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣàkóso ìwé àṣẹ ti irú èyí. Ìwé tí ó ní orúkọ Kwara àti Òyì lórí yẹn kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìbọn náà kò wọ ilé yín láti inú igbó. Ẹ mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, pẹ̀lú olórí ọdẹ tí yóò jẹ́rìí, kí ẹ sì béèrè fún tuntun ní orúkọ yín.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà ní ìpín kejì, pẹ̀lú àwọn ìbọn ọdẹ mìíràn tí kì í fúnra wọn kó ọta wọlé àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni òfin fún ní agbára láti fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Ó kú pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ, ìbọn náà ti wà lọ́wọ́ yín láìsí ìwé, bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé láísẹ́ńsì Bàbá àti ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn náà sí ìpamọ́, kí ẹ wá kọ ìwé ìbéèrè tiyín. Òfin ka àwọn ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀ fún ènìyàn: bí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17, bí ọpọlọ rẹ̀ kò bá pé, bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, bí ó bá jẹ́ ọ̀mùtí, tàbí bí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ti 1917 wá ńkọ́? Lee-Enfield ni, ọta .303 ni ó ń jẹ, òfin sì dárúkọ ìwọ̀n ọta yẹn gan-an ní ìpín kìíní, níbi tí àgbá ogun, bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ lórí ohun tí ó wà ní ìpín yìí, èmi kò sì tíì rí aráàlú kan tí ó gbà á rí. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni ó wà fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ kò yọ ọ́, pé kò sí ọta nínú rẹ̀ kò yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni títú u sí wẹ́wẹ́ kò yọ ọ́, nítorí pé òfin ka ẹ̀yà ara ìbọn sí ìbọn.

Ní ti ìtàn Bọ́mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má bínú sí mi. Mo ti gbọ́ ìtàn Bọ́mà ní ilé tí ó ju márùn-ún lọ. Ọmọ ogun máa ń dá ìbọn ọba padà kí ó tó gba ìwé ìtúsílẹ̀, nítorí náà ìbọn bẹ́ẹ̀ lè ti gba ọ̀nà mìíràn wọlé, bóyá nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Èyí kò sọ bàbá àgbà yín di olè. Òfin kò tilẹ̀ béèrè. Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni ó mọ̀.

Ẹ má ṣe gbé e jáde nílé. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ kí ẹ sọ pé ẹ ń gbé e lọ fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ mọ bí ojú ọ̀nà wa ti rí láti Kàbbà sí Ọ̀bàjànà lásìkò ajínigbé yìí, àti bí ara ọmọ ogun àti fijilanté ti gbóná lójú ọ̀nà. Ìbọn ológun nínú búùtù ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ wá agbẹjọ́rò, kí ẹ kọ ìwé tí ó sọ ọjọ́ tí ẹ rí i àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú agbẹjọ́rò náà àti olórí ọdẹ ní ọwọ́ òfo, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ni wọ́n wá gbé e nílé. Ẹ gba ìwé tí ó ní nọ́ńbà ìbọn lórí, òǹtẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Àjọ kan tún wà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2021 lábẹ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ohun ìjà kéékèèké. Agbẹjọ́rò yín lè fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn.

Bí ẹ bá bi èmi fúnra mi, mo gbà pé àìsí ìpín fún olùkójọ nínú òfin wa jẹ́ àléébù. Mo ti rí ìbọn tí ó yẹ kí ó wà nínú dígí, tí àwọn ọmọ iléèwé ìbá máa wá wò, tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ìbọn ọlọ́ṣà tí wọ́n sì bà jẹ́ lójọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà ni a ń tẹ̀lé, a kì í tẹ̀lé èyí tí à ń fẹ́.

Olóko Mọ̀pà dáhùn pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Mo ní ohun kan láti fi kún un àti ìbéèrè kan láti bi Ọlọ́pàá Àná.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣakábùlà yẹn kí ó tó mọ̀ bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa a máa rọ ẹ̀tù sí i ní alẹ́, kí wọ́n fi kọ́ ògiri, kí ikú sì dé kí wọ́n tó yìn ín. Ìbọn bẹ́ẹ̀ lè wà lórí ògiri fún ogún ọdún kí ó ṣì bú. Ní ilé wa, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: a ó kọ́kọ́ rí i pé òkúta kò sí lẹ́nu irin tí ń ṣá iná, a ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, a ó rọra ti ọ̀pá náà bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi dúró, a ó fi ọwọ́ sàmì sí i, a ó wá yọ ọ́, a ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí ọ̀pá bá dé ibi tí ihò iná wà, òfìfo ni. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀, ẹ pe ọdẹ àgbà kí ó wá tú u. Ẹ má sì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó tún un ṣe kí ìwé tuntun tó jáde.

Ìbéèrè mi ni pé ìbọn kúkúrú kan wà ní ojúbọ Ògún ní ilé wa, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, òkúta ni ó ń ṣá iná sí i, idẹ sì ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìran kẹta rèé tí ẹnikẹ́ni kò yìn ín. Mo rò pé ìpín kẹta ni òun náà wà, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ olókùúta?

Ọlọ́pàá Àná dáhùn pé:

Olóko Mọ̀pà, ó dùn mí láti sọ ọ́, ìpín kìíní ni ó wà. Ibẹ̀ ni òfin kó gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòun ti ìbọn ìléwọ́ olókùúta àti ti onífìlà iná. Olókùúta gígùn wà ní ìpín kẹta, ìjọba ìbílẹ̀ yín lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olókùúta kúkúrú wà pẹ̀lú bọ́ǹbù. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé atẹ̀wé ni ó ṣe àṣìṣe. Ẹ bá olórí ẹbí yín sọ ọ́, kí ẹ sì gba ọ̀nà kan náà tí mo là sílẹ̀ lókè.

Olùtọ́jú Ohun Àtijọ́ dáhùn pé:

Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rí, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí lọ́kàn nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òfin kejì tún wà lórí ìbọn alágbẹ̀dẹ. Òfin tí ó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní 1979 ka iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí a ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bákan náà ni ohun tí ó níye lórí nínú ìtàn tí a sì ti lò rí níbi ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé àjọ náà fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá bàbá Ọmọ Ọdẹ Owé jogún ṣakábùlà náà ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ṣáájú 1918 ni wọ́n ti rọ ọ́. Ìyẹn ni pé èyí tí Amẹ́ríkà ìbá gbà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín ni ilé kò ní yọ̀ǹda kí ó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàbbà kí wọ́n tó lọ bá Bídà jà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Núpé pàgọ́ sí ilẹ̀ wa. Snider ni ìbọn ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Company náà, irú ìbọn kan náà tí Ẹ̀kìtì Parapọ̀ ti rà láti Èkó fún ogun Kírìjì ṣáájú ìgbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Snider sí ẹnu iṣẹ́ láti 1866: ìbọn tí a ń rọ láti ẹnu ni, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jacob Snider ni ó wá ọ̀nà tí wọ́n fi la ìdí rẹ̀ kí ó lè máa gba ọta láti ẹ̀yìn. Ìbọn alágbẹ̀dẹ ni àwọn baba ńlá wa gbé dúró níwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti níwájú ẹṣin Núpé fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Okun, ìbọn yẹn nìkan ni ó kù tí ó rí ìgbà náà.

Nítorí náà, kí ọlọ́pàá tó gbé ti 1917 lọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti wà nílẹ̀, láìgbé e sókè: adé ọba, lẹ́tà, nọ́ńbà, ibi tí igi ti sán, aṣọ òfì tí wọ́n fi wé e. Ẹ kọ ohun tí àgbà ilé bá rántí nípa rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Kí agbẹjọ́rò yín sì fi kún ìwé rẹ̀ pé ẹbí ń bẹ̀bẹ̀ pé, bí òfin bá gbà, kí wọ́n fi ìbọn náà fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn ìjọba amúnisìn tí ó wà ní Lọ́kọ́ja. N kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lé kì í rọrùn láti kó pọ̀ mọ́ ti ọlọ́ṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé àwòrán náà sórí Facebook.

Ọmọ Ọdẹ Owé kọ ọ́ pé:

Mo padà wá láti dúpẹ́, kí n sì sọ bí ó ti parí, kí ẹni tí ó bá wà nínú irú rẹ̀ lè rí i kà.

Olórí ọdẹ, agbẹjọ́rò kan àti èmi ni a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọwọ́ òfo. Wọ́n fi wá sórí ìjókòó fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà ní ọ̀nà mẹ́rin, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo gbàgbé ọjọ́ ìbí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ lé wa délé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí Olóko Mọ̀pà sọ kò dé ibi tí ihò iná ṣakábùlà wà. Ó kù bí ìka mẹ́rin. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti wà láyé, ọmọ mi sì ti ń fi ìdí rẹ̀ ṣeré lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Olórí ọdẹ ni ó tú u. Wọ́n gba ìbọn ẹlẹ́nu méjì sí ìpamọ́, mo sì ti kọ ìwé ìbéèrè tèmi. Ti ṣakábùlà ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá, mo sì ti padà lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ti 1917 ti lọ. Mo ní ìwé olóǹtẹ̀ lórí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti ara ìbọn mu. Ẹ̀bẹ̀ nípa Lọ́kọ́ja wà nínú ìwé agbẹjọ́rò. Wọn kò tíì fèsì. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa, nígbà tí mo ń kọ ohun tí ó rántí sílẹ̀, sọ pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Bọ́mà nípa ìbọn yẹn rí, pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ bàbá àgbà kan ni ó ti wá, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọlọ́pàá Àná, ẹ rẹ́rìn-ín tiyín.

Àbúrò mi bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó pè, ó ní kí n fi àwòrán adé ọba àti ọdún yẹn ránṣẹ́ sí òun, pé òun yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé àkọsílẹ̀ òun. Mo ti fi í ránṣẹ́.